Abẹ̀bẹ̀ yàtọ̀ sí fáànù: bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì tó tọ́ fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀

Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń sún mọ́lé, tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun tí à ń kọ fún àlejò ní Òṣogbo máa ń pọ̀ sí i: páálí tí wọ́n ń so mọ́ ọjà, ìwé oúnjẹ, pátákó ojú ọ̀nà, ìwé pélébé tí afinimọ̀nà ń pín. Àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì wà lára àlejò náà, pàápàá àwọn olórìṣà láti Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ Ọ̀ṣun ní "Ochún". Ọ̀pọ̀ wa kì í ti Yorùbá bọ́ sí Sípáníìṣì tààrà. Gẹ̀ẹ́sì la máa ń kọ́kọ́ kọ, ká tó wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń dàrú, torí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo lè ní ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọn kò sì bá ara wọn tan rárá.

Ẹ wo páálí kékeré kan. Alágbẹ̀dẹ idẹ fẹ́ ta abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì kọ "brass fan" sí i. Ìwé atúmọ̀ èdè á ní "fan" lè jẹ́ "ventilador", "abanico", "aficionado" tàbí "hincha". "Ventilador" ni fáànù oníná tó ń yí lókè àjà. "Abanico" ni abẹ̀bẹ̀ tí a ń fi ọwọ́ fẹ́. "Aficionado" ni ẹni tó fẹ́ràn nǹkan gan-an, "hincha" sì ni alátìlẹyìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. "Brass" náà ní tirẹ̀: "latón" ni idẹ gangan, ṣùgbọ́n "metales" ni wọ́n ń pe àwọn fèrè onídẹ tí olórin ń fọn. Ẹni tó bá mú èyí tó kọ́kọ́ jáde máa kọ "ventilador de latón", oníbàárà á sì máa wá ibi tí wáyà rẹ̀ wà. "Abanico de latón" ló yẹ kó kọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi Yorùbá dán an wò

Kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kankan, ẹ yọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kúrò nínú gbólóhùn, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà lọ́kàn yín dí àyè rẹ̀. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti da nǹkan pọ̀, Yorùbá sábà máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀, Sípáníìṣì náà á sì yà wọ́n.

"Bank" ni báńkì, òun náà ni bèbè odò. Ti àkọ́kọ́ ni "banco", èkejì ni "orilla". Ẹni tó bá kọ "banco del río" sórí àwòrán ojú ọ̀nà tó lọ sí odò Ọ̀ṣun ti da àlejò láàmú, torí "banco" tún jẹ́ àga gbọọrọ tí èèyàn ń jókòó lé. "Light" lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀, "luz". Ó lè jẹ́ ohun tó fúyẹ́, "ligero" tàbí "liviano". Bó bá sì jẹ́ àwọ̀ aṣọ tí kò ṣú, "claro" ni. "Right" lè jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, "derecha", ó lè jẹ́ ohun tó tọ̀nà, "correcto", ó sì lè jẹ́ ẹ̀tọ́, "derecho". Ẹ kíyè sí i pé lẹ́tà kan péré ló ya ọ̀tún sọ́tọ̀ sí ẹ̀tọ́ níbẹ̀, "derecho" yìí kan náà sì tún ni "máa lọ tààrà" lẹ́nu ẹni tó ń júwe ọ̀nà: "siga derecho". Àlejò tí ẹ fẹ́ kó yà sọ́tùn-ún lè gba iwájú lọ ní tirẹ̀. "A la derecha" ni kí ẹ kọ.

"Play" ni wọ́n ń lò fún bọ́ọ̀lù, fún ìlù àti fún eré orí ìtàgé. Àwa máa ń gbá bọ́ọ̀lù, a máa ń lu ìlù, a sì máa ń ṣe eré. Sípáníìṣì náà nìyẹn: "jugar", "tocar", "obra de teatro". "Jugar el tambor" kì í ṣe lílù, ńṣe ló dà bíi pé ẹ ń fi ìlù ṣeré ọmọdé. "Work" náà rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń ṣe jẹun ni "trabajo", iṣẹ́ ọnà tó wà lára ògiri ni "obra", bí ẹ̀rọ bá sì ń ṣiṣẹ́, "funciona" ni, kì í ṣe "trabaja". Nínú ìlú tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ti di mímọ̀ kárí ayé láti àwọn ọdún 1960 síwájú, "obra" yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ wà lẹ́nu ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù àwòrán.

Iná olójú mẹ́rìndínlógún ló ń dá wàhálà tó le jù sílẹ̀ nínú ìwé ọdún Ọ̀ṣun. Àwọn tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń pè é ní "sixteen-point lamp". Bí "point" bá wọ Sípáníìṣì, "punto" ló máa kọ́kọ́ bọ́ síta, àmì tóńtó bí èyí tó ń parí gbólóhùn. "Punta" tó tẹ̀ lé e ni ṣóńṣó ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó jẹ́ ojú iná. Ẹ padà sí Yorùbá, ẹ bi ara yín pé kí ni ojú yìí: ibi tí iná ti ń jó ni. "Lámpara de dieciséis llamas" á yé ẹnikẹ́ni, torí "llama" ni ọwọ́ iná. A sì máa "encender" fìtílà, a kì í "iluminar" rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí Yorùbá náà kò ti yà á

Yorùbá kì í gbani ní gbogbo ìgbà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà tí àwa náà da pọ̀, àwọn sì ló ń tú àṣírí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà dáadáa.

Ẹja ni ẹja lọ́dọ̀ wa, ì báà wà nínú omi, ì báà wà nínú ọbẹ̀. Ní Sípáníìṣì, "pez" ni èyí tó wà láàyè nínú omi. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, "peces". Bí wọ́n bá ti pa á láti jẹ, "pescado" ni. Pátákó tó bá ń sọ nípa ẹja odò Ọ̀ṣun gbọ́dọ̀ kọ "los peces del río". "El pescado sagrado" ti gbé ẹja náà sínú àwo, ẹja tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa nínú Igbó Ọ̀ṣun! Bó bá jẹ́ ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má pẹja lẹ fẹ́ kọ, ọ̀rọ̀ ìṣe ni ẹ nílò: "Prohibido pescar".

"Mọ̀" náà jẹ́ méjì. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: bí "pé" tàbí "bí a ṣe ń" bá lè tẹ̀ lé e, "saber" ni. Mo mọ bí a ṣe ń rẹ aṣọ láró: "sé teñir telas". Bó bá jẹ́ èèyàn tàbí ìlú lẹ mọ̀, "conocer" ni. Ṣé ẹ mọ Òṣogbo? "¿Conoce Osogbo?"

Ní ti "time", ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Aago mélòó ni "hora", ẹ̀ẹ̀mejì ni "dos veces", àkókò tó ń lọ ni "tiempo", èyí tó tún jẹ́ ojú ọjọ́. Wákàtí tí ṣọ́ọ̀bù ń ṣí tó sì ń pa ni "horario".

"To be" ń da ọ̀pọ̀ láàmú, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní ìrànlọ́wọ́ tí òyìnbó kò ní. Níbi tí a bá ti lè lo "wà", "estar" ló sábà máa ń jẹ́; níbi tí a bá ti lo "ni" tàbí "jẹ́", "ser" ni. Igbó Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo: "El bosque está en Osogbo". Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú ni ayẹyẹ. Sípáníìṣì kì í fi "estar" sọ ibi tí ayẹyẹ ti ń wáyé: "El festival es en Osogbo". Àwa náà kì í ṣáà sọ pé ọdún Ọ̀ṣun "wà" ní Òṣogbo. À ń sọ pé Òṣogbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ tẹ̀ lé etí yín níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àmì kéékèèké inú ìwé atúmọ̀ èdè

Ẹ má ṣe mú ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde. Ìwé atúmọ̀ èdè tó dára, bíi WordReference tàbí SpanishDict tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń fi ọ̀rọ̀ atọ́nà kékeré kan síwájú ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan láti sọ irú èyí tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ atọ́nà yẹn lẹ ń wá. Bí kò bá ba Yorùbá tó wà lọ́kàn yín mu, ẹ kọjá lórí rẹ̀, bó ti wù kó dára lójú tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè ti Real Academia Española, àjọ tó ń bójú tó èdè Sípáníìṣì, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní dle.rae.es. Ẹ̀dà kẹtàlélógún rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Sípáníìṣì ló fi ń ṣàlàyé Sípáníìṣì, ṣùgbọ́n àwọn àmì rẹ̀ kò ju ohun tí èèyàn lè há sórí lọ. "m." àti "f." ń sọ akọ tàbí abo. "tr." ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń gba àbọ̀, "intr." ni èyí tí kì í gbà á. "coloq." ni ọ̀rọ̀ ojú pópó, "desus." ni èyí tí a kò lò mọ́, "p. us." ni èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. "malson." ni ẹ gbọ́dọ̀ sá fún, torí ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá ni. Bí ẹ bá rí "Cuba", "Méx.", "Arg." tàbí "Esp.", ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ ìtumọ̀ yẹn.

Akọ àti abo kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. "El capital" ni owó ìdókòwò, "la capital" ni olú ìlú. Bó bá jẹ́ Òṣogbo lẹ fẹ́ pè ní olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, "la capital" ni. "El guía" ni afinimọ̀nà tó jẹ́ ọkùnrin, "la guía" lè jẹ́ obìnrin, ó sì lè jẹ́ ìwé ìtọ́sọ́nà.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ ńkọ́? Yorùbá ti wà lórí Google Translate láti ọdún 2013, ó sì wúlò. Àmọ́ ẹ má rò pé fífi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ti gbà yín lọ́wọ́ ewu, torí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá kó tó dé èdè kejì, "abẹ̀bẹ̀" sì lè di "ventilador" lójú ọ̀nà. Ẹ fún un ní odidi gbólóhùn, kí ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Hand fan made of brass" á mú èsì tó dára jáde ju "brass fan" lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ló máa kà á?

Sípáníìṣì ti Kúbà yàtọ̀ sí ti Mẹ́síkò, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ti Sípéènì. Orí oúnjẹ ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù.

Ẹ mú iṣu. Bí ẹ bá wá "yam", ìwé atúmọ̀ èdè lè fún yín ní "batata", "boniato" tàbí "camote" pẹ̀lú "ñame". Ọ̀dùnkún ni mẹ́ta àkọ́kọ́. Ohun tó fà á ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pe ọ̀dùnkún kan tí inú rẹ̀ pọ́n ní "yam". Iṣu tiwa ni "ñame". Iyán ni "ñame machacado", torí "machacar" ni kí a gún nǹkan. Ẹ ṣọ́ra kí "pound" má lọ di "libra", ìyẹn ìwọ̀n tàbí owó àwọn òyìnbó. Ẹ̀gẹ́ ni "yuca". Dòdò ni "plátano maduro frito". Ará Kúbà á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ará Sípéènì tó bá rí "plátano" lásán á rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni, nítorí náà ẹ kọ "plátano macho" fún un. Ẹ̀wà jẹ́ "frijoles" ní Kúbà àti Mẹ́síkò, "habichuelas" ní Puerto Rico, "caraotas" ní Fẹnẹsúélà, "porotos" ní Ajẹntínà, "judías" tàbí "alubias" ní Sípéènì. Fún àkàrà, "buñuelos de frijol carita" á yé ará Kúbà, torí "frijol carita" ni wọ́n ń pe irú ẹ̀wà tiwa.

Ìbẹ́pẹ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. "Papaya" ni níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ní Kúbà, pàápàá lágbègbè Havana, ojú ara obìnrin ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè. "Fruta bomba" ni wọ́n ń sọ.

Ata náà kò kéré. "Pepper" pín sí mẹ́ta: "pimienta" ni ata dúdú tí wọ́n lọ̀ kúnná, "pimiento" ni tàtàṣé, ata tó ń ta sì ni "chile" ní Mẹ́síkò, "guindilla" ní Sípéènì, "ají picante" ní Kúbà. Ẹ má ṣe yọ "picante" kúrò nínú ti Kúbà, torí "ají" nìkan lè jẹ́ èyí tí kì í ta. Ọbẹ̀ tó ta ni "picante", ọbẹ̀ tó gbóná ni "caliente". Gẹ̀ẹ́sì pe méjèèjì ní "hot". Bí ooru bá sì ń mú yín, "tengo calor" ni. "Estoy caliente" á mú kí wọ́n wò yín lójú kan, torí ọ̀rọ̀ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni.

Ní ti ọ̀nà: bọ́ọ̀sì ni "guagua" ní Kúbà, "camión" ní Mẹ́síkò, "autobús" sì yé gbogbo wọn. "Coger un taxi" kò léwu ní Sípéènì àti ní Kúbà, ṣùgbọ́n ní Mẹ́síkò àti Ajẹntínà, ìbálòpọ̀ ni "coger". "Tomar un taxi" kò ní ìṣòro níbikíbi. "Ticket" náà pín sí mẹ́ta: ìwé ìwọlé sí Igbó Ọ̀ṣun ni "entrada". Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni "boleto" tàbí "billete". Èyí tí ọlọ́pàá ojú pópó ń kọ síni lọ́rùn ni "multa". Yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó ṣófo ni "libre", ohun tí a kò gba owó lé ni "gratis"; Gẹ̀ẹ́sì pe méjèèjì ní "free".

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń bá àwọn olórìṣà Kúbà sọ̀rọ̀ ní ohun mìíràn láti mọ̀. Nínú ìdáfá tiwọn, "iré" ni ire, "osogbo" sì ni ibi tó dojú kọ ọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ orúkọ ìlú yìí lásán sí orí ìwé. Ẹ kọ "la ciudad de Osogbo, Nigeria" nígbà àkọ́kọ́. Igbá tí Arugbá ń rù náà: bí ẹ bá kọ "calabaza" lásán, elégédé ni ará Kúbà á kọ́kọ́ rò, elégédé sì jẹ́ ohun Ochún lọ́dọ̀ wọn, ìdàrúdàpọ̀ náà á wá le sí i. "La calabaza ritual que lleva en la cabeza la Arugbá" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ fi orúkọ Arugbá sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dá a padà

Ẹ mú ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì tí ẹ yàn, kí ẹ wá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìtumọ̀ tí ẹ fẹ́ kò bá jáde rárá, ẹ ti ṣìnà. Bó bá jáde láàárín àwọn mìíràn, ẹ má bẹ̀rù. Kò séwu lóko, àfi gìrì àparò. Ìlẹ̀kẹ̀ ni "cuenta". Bí ẹ bá dá a padà, ẹ ó rí owó oúnjẹ tí à ń san ní búkà àti àkáǹtì báńkì, kí ẹ tó rí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Ẹ kàn fi ọ̀rọ̀ kejì tì í lẹ́yìn: "collar de cuentas" fún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, "cuentas de vidrio" bó bá jẹ́ ti gíláàsì.

Bó bá jẹ́ ohun tí a lè fojú rí, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú Google, kí ẹ yan àwòrán. Bí "ventilador" bá gbé fáànù oníná jáde lójú ìwé kan gbáko, ọ̀rọ̀ parí. Fún gbólóhùn kúkúrú, ẹ fi àmì àyọlò yí i ká kí ẹ tó wá a, kí ẹ sì wò ó bóyá ìwé ìròyìn tàbí iléeṣẹ́ tó ń sọ èdè náà ló kọ ọ́, tàbí àwọn tó kàn fi ẹ̀rọ túmọ̀ ọjà wọn.

Páálí àdìrẹ kan látòkè délẹ̀

Aláró kan kọ báyìí ní Gẹ̀ẹ́sì: "Hand-dyed cotton cloth, starch resist, natural indigo, 5 yards." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló lè ṣini lọ́nà níbẹ̀. "Cloth" lè di "trapo", àkísà ìnulẹ̀. "Tela" ni aṣọ tí a kò tíì rán, "ropa" ni èyí tí a ti rán. "Resist" lè di "resistente", bíi pé láfún ò lè ran aṣọ náà. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ aró ni "reserva", ibi tí a dí kí aró má baà wọ̀ ọ́. "Starch" ni "almidón", ẹ sì kọ "de yuca" kí wọ́n mọ̀ pé ti ẹ̀gẹ́ ni. "Yards" lè di "patios", ìyẹn àgbàlá ilé, "yardas" ni. Mítà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń lò, yáàdì kan jẹ́ mítà 0.9144, nítorí náà yáàdì márùn-ún jẹ́ mítà 4.57. Ó di:

"Tela de algodón teñida a mano con añil natural. Reserva de almidón de yuca. 5 yardas (4,57 m)."

Kọ́mà ni Sípéènì ń lò níbi tí àwa ti ń fi àmì tóńtó sí; Mẹ́síkò ń lo tóńtó bíi tiwa. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé aró náà kì í ṣí, "colour fast" kò gbọdọ̀ di "color rápido", àwọ̀ tó ń sáré. "No destiñe" ni. Ṣùgbọ́n aró ẹ̀lú tuntun sábà máa ń ṣí díẹ̀ nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ohun tó dáa jù láti kọ ni "Lavar a mano, por separado, con agua fría". Ẹ má sì pe àdìrẹ ní "estampada". Àǹkárá ni ìyẹn, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán sí.

Kó tó dọ́dọ̀ atẹ̀wé

Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lẹ ń kọ̀wé sí, nítorí náà "usted" ni kí ẹ lò, bí a ṣe ń sọ "ẹ" fún àgbà. "Tú" ni "ìwọ". Bí wọ́n bá pọ̀, "ustedes". "Vosotros" kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò lẹ́yìn Sípéènì.

Àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì bí àmì ohùn tiwa. "Año" ni ọdún, "ano" ni ihò ìdí. "Papá" ni bàbá, "papa" ni ànàmọ́ òyìnbó. Lórí fóònù, ẹ tẹ lẹ́tà n mọ́lẹ̀ títí tí ñ á fi yọ. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ 164 lápá nọ́ńbà fún ñ, 168 fún ¿, 173 fún ¡. Ẹ gba ẹ̀dà àkọ́tẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó, torí fọ́ǹtì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń tẹ pátákó máa ń sọ ñ di àpótí òfìfo tàbí kó gbé e mì. Bí atẹ̀wé bá ní fọ́ǹtì òun kò ní ñ, ẹ ní kó yí fọ́ǹtì padà. Ẹ má jẹ́ kó fi n lásán dí i.